Oúnjẹ Àgbà Nínú Egungun Ọmọdé

Òkun o! Bẹ́ẹ̀ ni àwa Owé tí a ni Kabba ṣe ń kí ara wa, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Ìjùmú, Yàgbà, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ṣe ń kíni. Ìkíni yìí náà ni ó sì di orúkọ tí gbogbo wa jọ ń jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kogi. Lónìí, n kò gbé oríkì wá, n kò sì gbé ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé wá. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹrù ni mo gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ti ṣìnà, nítorí pé gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo, tí mo gbọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì kan, ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Àbúrò bàbá mi kan ní ọkọ̀ ẹrù, Mercedes 911 tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí náìnì-ìlẹ́fùn. Iṣu àti gàrí ni ó fi ń kó láti Kabba lọ sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ náà lágbára níwọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan òkè, ńṣe ni yóò máa fà bí ìgbín. Àwọn ọkọ̀ tuntun a gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, àwọn awakọ̀ wọn a sì tún fọn fèrè láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá yìí. Nígbà tí ó rí tọ́bò kan tí wọ́n tú lára ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, ó rà á, ó gbé e lọ fún mẹkáníìkì rẹ̀ pé kí ó bá òun dè é mọ́ ọkọ̀. Mẹkáníìkì náà wo tọ́bò, ó wo ọkọ̀, ó wá ní: “Bàbá, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n a ní láti kọ́kọ́ tú ẹ́ńjìnnì yìí palẹ̀. Oúnjẹ àgbà lẹ fẹ́ máa fún un jẹ yìí, egungun ọmọdé ló sì wà nínú rẹ̀.” Èdè Owé ni ó fi sọ ọ́. Mo kàn tún un sọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò kí ó lè yé gbogbo wa ni.

Bàbá ṣírò owó písítìn, owó gáàsíkẹ́ẹ̀tì àti owó kílọ́ọ̀ṣì, ó ní owó náà ti pọ̀ jù. Ó ní kí ó ṣáà de tọ́bò náà bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì kọ̀. Bàbá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìyẹn sì dè é. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dùn mọ́ bàbá nínú; òun náà wá di ẹni tí ń fọn fèrè fún ẹlòmíràn lórí òkè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tọ́ọ̀pù gáàsíkẹ́ẹ̀tì jó. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, kílọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀. Wọ́n fún un le. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kan tí n kò lè gbàgbé, nítorí pé iwájú ọkọ̀ náà ni mo jókòó sí, a ń gun òkè kan lójú ọ̀nà Ìyàmoyè nígbà tí èéfín funfun bò wá. Písítìn kan ti yọ́. Ẹ́ńjìnnì kú, hàndì bìréèkì tó ti gbó kò mú, ọkọ̀ tó kún fún iṣu sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ nísàlẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń pàtẹ ọjà. Ọmọ ọkọ̀ wa bẹ́ sílẹ̀, ó sọ igi tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró sábẹ́ táyà. Ìgbà kejì tí ó sọ ọ́ ni igi náà tó mú. A kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n wa ni ó gbà wá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gba ohun tí mo fẹ́ sọ yìí gbọ́. Wíwá agbára kò burú rárá. Ohun tí ó burú ni pé a máa ń fẹ́ san owó agbára, a kì í sì í fẹ́ san owó ara tí yóò gbé agbára náà. Ohun tí ó tún dùn mí jù ni pé ìmọ̀ tó yẹ kí ó gbà wá kò jìnnà. Ó wà nínú èdè wa, lẹ́nu àwọn tí ọwọ́ wọn kì í kúrò nínú girísì, a kàn kọ etí ikún sí wọn ni.

Kí àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí àgbẹ̀dẹ. Iná ẹ̀édú a máa jó fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè mú kí irin pọ́n dáadáa. Ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá fi ẹwìrì fẹ́ ẹ ni irin yóò pọ́n bí ojú oòrùn. Ẹwìrì kò fi ẹ̀édú kún iná. Atẹ́gùn ni ó fi kún un. Bí atẹ́gùn bá pọ̀, ẹ̀édú púpọ̀ yóò lè jó lẹ́ẹ̀kan náà, ooru yóò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé bí amọ̀ ìléru kò bá nípọn tó, bí òun bá ṣe ń fẹ́ ẹwìrì sí i ni ìléru yóò máa sán. Ta ni yóò mọ ìléru tẹ́ẹ́rẹ́, tí yóò wá dúró ti ẹwìrì mẹ́ta?

Bí ọ̀rọ̀ tọ́bò ṣe rí gan-an nìyí. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní i dà bí iná tí kò ní ẹwìrì: ìwọ̀nba atẹ́gùn tí ó bá lè fà símú fúnra rẹ̀ ni ó ní. Ní etí òkun, atẹ́gùn ayé ń tẹ gbogbo nǹkan pẹ̀lú ìwọ̀n pọ́n-ùn 14.7 lórí ínṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi pọ́n-ùn 10 kún un, ìtẹ̀ atẹ́gùn tó ń wọ inú sílíńdà yóò ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oríṣi ẹwìrì méjì ni ó wà. Èkíní ni súpáchájà, tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń fi bẹ́líìtì tàbí eyín gíà yí. Èkejì ni tọ́bò, tí èéfín tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ kí ó lè máa yí. Ọ̀nà wọn yàtọ̀, iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀: wọ́n ń fi ipá ki atẹ́gùn bọ inú sílíńdà.

Àfiwé ẹwìrì yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ lásán. Ní 1860, àwọn ọmọ ìyá kan tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Roots, ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ kan tí ń ti atẹ́gùn. Ìléru irin wà lára ohun tí wọ́n ń fi í fẹ́, kí ó tó di ohun tí àwọn èèyàn ń dè mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ní 1885, Gottlieb Daimler ní Jámánì gba ìwé àṣẹ fún fífi ẹ̀rọ ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Ní 1905, Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ lórí èrò pé èéfín tó ń ṣòfò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Èrò yẹn ni ó di tọ́bò. Ṣùgbọ́n ó di 1938 kí ilé iṣẹ́ Saurer, ní Switzerland kan náà, tó fi tọ́bò sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹrù. Ọdún 33 ni ó wà láàárín méjèèjì. Èrò ti wà nílẹ̀ láti 1905; irin tó lè fara da ooru náà, àti ẹ́ńjìnnì tó lè gba atẹ́gùn náà láìfọ́, ni a ṣì ń wá. Àwọn tí ó dá tọ́bò sílẹ̀ pàápàá dúró de egungun. Àwa ni kò fẹ́ dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo egungun tí mẹkáníìkì náà ń sọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni písítìn. Ẹ́ńjìnnì tí Mercedes ń pè ní OM352, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ 911 àti 1113 tó rin ilẹ̀ Nàìjíríà já, ní sílíńdà mẹ́fà, fífẹ̀ písítìn rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 97. Bí a bá ṣírò orí písítìn náà, yóò jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 74. Bí epo bá gbiná lókè rẹ̀, tí ìtẹ̀ inú sílíńdà sì tó ìlọ́po 100 ti atẹ́gùn ayé, ohun tí yóò bọ́ lé písítìn kan ṣoṣo lórí yóò ju ẹrù tọ́ọ̀nù 7 lọ. Ẹ rántí ohun tí orúkọ 911 túmọ̀ sí: 9 ń sọ fún wa pé ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù 9, 11 tó kẹ́yìn ń tọ́ka sí agbára ẹṣin bíi 110. Nítorí náà, ìwọ̀n tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti odidi ọkọ̀ ni ó ń lu písítìn kan lórí. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń yí nígbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1,000 ni yóò lù ú láàárín ìṣẹ́jú náà. Ẹ wá fi tọ́bò kún un, kí ẹ fi epo sí i.

Ooru tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù máa ń gbóná. Atẹ́gùn tí a bá fún pọ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn tó wọ tọ́bò ní ìwọ̀n ooru 30, tí a sì fi pọ́n-ùn 10 kún ìtẹ̀ rẹ̀, lè jáde ní 90 sí 100, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó omi híhó kó tó kan iná rárá. Alúmíníọ́mù ni wọ́n sì fi ń ṣe irú písítìn bẹ́ẹ̀, alúmíníọ́mù a sì máa yọ́ ní ìwọ̀n 660. Iná inú sílíńdà gbóná ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí písítìn yọ́ ni pé ooru náà ń rí ọ̀nà sá lọ sínú ọ́ìlì àti sínú omi rédíétọ̀. Bí a bá sọ ooru di púpọ̀ láìsọ ọ̀nà àbájáde rẹ̀ di gbòòrò, písítìn yóò yọ́, bí ti àbúrò bàbá mi ṣe yọ́.

Àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà mọ èyí. Nígbà tí Mercedes fẹ́ fi tọ́bò sí OM352, wọn kò kàn dè é mọ́ ọn bí ẹni de ewúrẹ́ mọ́ òpó. Èyí tí wọ́n pè ní OM352A ní písítìn tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí kì í fún atẹ́gùn pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé tọ́bò ti bá a fún un pọ̀ kó tó dé ibẹ̀. Wọ́n sì ṣe ojú ihò tí ọ́ìlì yóò máa gbà tú sí abẹ́ písítìn láti tù ú lára. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni agbára rẹ̀ kúrò ní 130 tí a mọ̀ mọ́ ọkọ̀ 1113, tí ó di 156, àwọn mìíràn 168. Ẹ ṣàkíyèsí ìwọ̀n náà. Àwọn tí ó ni ẹ̀rọ, tí wọ́n ní ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò, kò fi ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin kún un lọ. Ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lábẹ́ igi máńgòrò, pẹ̀lú písítìn àtijọ́, ń tan ara rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn písítìn, a kan tọ́ọ̀pù gáàsíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn nọ́ọ̀tì tó di tọ́ọ̀pù mú. Iṣẹ́ wọn ni láti sé ìtẹ̀ mọ́ inú sílíńdà. Bí ìtẹ̀ bá pọ̀ tí nọ́ọ̀tì kò le sí i, tọ́ọ̀pù yóò máa gbé díẹ̀díẹ̀, iná yóò wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ jáde, omi yóò sì bọ́ sínú ọ́ìlì. Àwọn ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kiráńkì, àti béárìn tí wọ́n ń yí lé lórí, ni ẹrù náà tún kàn. Béárìn kì í fara kan kiráńkì bí nǹkan bá rí bó ṣe yẹ. Orí ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kiráńkì ń léfòó lé. Bí pọ́ǹpù ọ́ìlì bá ti gbó, tí a sì tún ń gbé ẹrù kún un, ọ́ìlì yóò fà sẹ́yìn, irin yóò fi ara gbo irin, ẹ́ńjìnnì yóò sì nọ́ọ̀kì. Tọ́bò fúnra rẹ̀ pàápàá ń mu nínú ọ́ìlì yìí kan náà. Ọ̀pá àárín rẹ̀ lè yí tó ìgbà 100,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tó gbọ́n kì í fi í pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ti òkè dé. Yóò jẹ́ kí ó mí díẹ̀ ná, kí ọ́ìlì lè tu ọ̀pá náà lára.

Ọ̀rọ̀ epo kò ṣeé fò. Atẹ́gùn nìkan kò lè gbé ọkọ̀ gun òkè. Epo ni oúnjẹ, atẹ́gùn ni ó ń jẹ́ kí ó dà. Ohun tí àwọn kan máa ń ṣe ni pé wọn yóò fi súkúrú yí pọ́ǹpù epo títí èéfín dúdú yóò fi máa tú jáde, wọn yóò wá máa yangàn pé “Ẹ rí agbára!” Kì í ṣe agbára ni èéfín dúdú. Oúnjẹ tí kò dà ni. Owó epo yín ni ó ń gòkè lọ sójú ọ̀run yẹn, ooru rẹ̀ sì ń jẹ písítìn yín lábẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá wá ṣe gbogbo èyí tán, ẹ ò tíì débì kankan, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kò fọwọ́ kan ilẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbàgbé nìyí. Agbára ní láti gba inú kílọ́ọ̀ṣì kọjá, kí ó gba gíábọ́ọ̀sì, kí ó gba ọ̀pá pùròpẹ́là, kí ó gba eyín tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn, kí ó tó di ìrìn. Lójú ọ̀nà yẹn, ó ń di púpọ̀ sí i. Ká ní ipá ìyípo tí ẹ́ńjìnnì ń mú jáde jẹ́ 360, tí gíà kìíní sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po 8, ohun tí yóò jáde láti inú gíábọ́ọ̀sì jẹ́ 2,880. Bí eyín ẹ̀yìn bá tún sọ ìyẹn di ìlọ́po 5, ó di 14,400. Bí tọ́bò bá fi ìdá mẹ́rin kún ti ẹ́ńjìnnì, 360 di 450. Aádọ́rùn-ún péré ni ó fi kún un lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi dé ẹ̀yìn, 14,400 ti di 18,000. Òkúta kékeré tí a jù níwájú ti di àpáta lẹ́yìn.

Kílọ́ọ̀ṣì ni yóò kọ́kọ́ ké. Kò ní eyín. Fífi ara gbo ara ni ó fi ń di agbára mú. Bí agbára bá ju ohun tí ó lè dì mú lọ, yóò yọ̀, yóò gbóná, yóò sì rùn. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́bò gbọ́dọ̀ wá kílọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀ jù ú lọ àti irin tó le tí yóò máa tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti wá le tán, kò ní yọ̀ mọ́, eyín gíà ni ìyà yóò wá bọ́ sí lórí. Bí a bá tún eyín gíà ṣe, ó kan pùròpẹ́là. Ìyà kì í kúrò nílẹ̀. Ibi tó bá rọ̀ jù ni ó ń wá lọ. Ohun tí mo mọ̀ nìyí tí mo fi sọ pé kì í ṣe ibì kan ni a ń tún ṣe. Odidi ara ni.

Ọkọ̀ Máàkì tí a mọ̀ ní ilẹ̀ yìí lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ níbí. Ní àárín àwọn ọdún 1960, Mack ní Amẹ́ríkà gbé ẹ́ńjìnnì tọ́bò kan jáde tí wọ́n pè ní Maxidyne, agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 237. Wọn kò gbé e sórí gíábọ́ọ̀sì tó bá wà nílẹ̀. Wọ́n ṣe gíábọ́ọ̀sì oníyára márùn-ún kan pọ̀ mọ́ ọn, irú èyí tí ó ní ọ̀pá mẹ́ta tí ń pín ẹrù gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá àárín. Àwọn Fuller tí wọ́n ń ṣe gíábọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù ńlá lo ọ̀pá méjì fún iṣẹ́ yẹn. Ìdí rẹ̀ kò le láti lóye: eyín kan tó ń gbé gbogbo ẹrù yóò kán, bí eyín méjì tàbí mẹ́ta bá pín in, yóò pẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ òwe yìí ti mọ ìdí tí gíábọ́ọ̀sì Máàkì fi ń pẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní, “Ìwọ ń sọ ọ̀rọ̀ olówó. Tálákà ni wá. Ta ni yóò ra gbogbo nǹkan wọ̀nyí?” N kò fojú kéré ọ̀rọ̀ náà, mo mọ ohun tí owó jẹ́ ní Kabba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ dáadáa. Àbúrò bàbá mi sá fún owó písítìn mẹ́fà, ó wá san owó gáàsíkẹ́ẹ̀tì, owó kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, owó odidi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, owó iṣu tó jẹrà lójú ọ̀nà, àti oṣù méjì tí ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti jẹ́ pé kò lówó egungun, ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó dín ẹrù kù, kí ó sì máa rọra gun òkè. Kò sí ìtìjú nínú kí ọkọ̀ rọra gun òkè. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi í pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn mẹkáníìkì wa ni kò mọ̀ṣẹ́. N kò gbà. Òótọ́ ni pé àwọn kan kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gba iṣẹ́ tí èkíní kọ̀ kò yẹ kí ó gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ó sọ ọ́, ó sì pàdánù owó nítorí òtítọ́. Àwa tí a ni ọkọ̀ ni a ń fi owó lé olóòótọ́ jáde nídìí iṣẹ́, tí a sì ń san owó fún ẹni tó ń sọ pé “ó máa gbé e.” Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù gbólóhùn yẹn. “Ó máa gbé e” ti sọ ọ̀pọ̀ ìyàwó di opó.

Ọ̀rọ̀ náà tún kàn wá jù bí ó ti kàn wá tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀nà Obajana sí Kabba, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 43, ti di ọ̀nà kọnkéré. Ọ̀nà tó dára ni, mo sì yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dán ń pe eré, eré sì ń pe agbára. Ọkọ̀ tó bá lágbára láti sáré gbọ́dọ̀ lágbára láti dúró. Ẹni tó bá fi tọ́bò kún ọkọ̀ tí kò tún bìréèkì rẹ̀ ṣe ti kọ́ ilé tó ní ilẹ̀kùn àbáwọlé, tí kò ní ti àbájáde.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín nìyí. A máa ń gbọ́ pé Yorùbá kò lè sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun ẹgbẹ̀rún kan. N kò lòdì sí ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbólóhùn mẹkáníìkì yẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ tuntun kan nínú rẹ̀. Oúnjẹ, àgbà, egungun, ọmọdé: ọmọ ọdún mẹ́ta mọ gbogbo wọn. Síbẹ̀, ó sọ ohun tí mo fi gbogbo ìpínrọ̀ òkè yìí ṣàlàyé. Wọ́n ń pe tọ́bò ní tọ́bò, wọ́n ń pe písítìn ní písítìn, ìyẹn kò sì dí wọn lọ́wọ́, nítorí pé ìrònú tó so wọ́n pọ̀ jẹ́ ti Yorùbá pátápátá. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ń mí, wọ́n ní gíà ní eyín, wọ́n ní epo ò dà nínú rẹ̀, wọ́n ní kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Ara ènìyàn ni wọ́n fi ń wo ẹ̀rọ, àfiwé náà sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí àìsàn wà. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ mú ìwé àti bírò dání. Ẹ kọ ohun tí wọ́n ń sọ ní Owé, ní Yàgbà, ní Ìjẹ̀bú, ní Ìjẹ̀ṣà. Àwọn àgbà tó kọ́ iṣẹ́ yìí lórí náìnì-ìlẹ́fùn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a kò sì tíì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, tàbí tí bàbá yín ní, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi mẹkáníìkì kí tọ́bò tàbí súpáchájà tó fara kan ẹ́ńjìnnì. Kí ni yóò gbé ìtẹ̀ náà? Ibo ni ooru rẹ̀ yóò gbà jáde? Kí ni yóò dá ọkọ̀ dúró? Bí ó bá dá yín lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì dárúkọ owó tó bà yín lẹ́rù, ẹ lọ wá owó náà, tàbí kí ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, tí ó ní “ó máa gbé e,” ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò níbẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ti dàgbà báyìí, kò rin ọ̀nà jíjìn mọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ òkè Ìyàmoyè tí ó padà lọ bá mẹkáníìkì àkọ́kọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Mẹkáníìkì náà yára gbé e dìde, ó ní, “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí a ṣáà tú u palẹ̀.”